Ilé Wo Ni Yín? Bí Ìlọrin Ṣe Di Ìlú Balógun Mẹ́rin

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ ni, oòrùn mú gan-an, mo ń wá ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà-Ọba. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní kí n wá jókòó. A kí ara wa tán. Kò bèèrè orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ilé wo ni yín?" Mo ní Táńkẹ̀ ni mò ń gbé. Bàbá mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará òdìkejì odò! Táńkẹ̀ kì í ṣe ilé, ibi tí èèyàn ń sùn ni."

Mo rẹ́rìn-ín, a sì túká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú mi, torí pé òótọ́ ni odò ló pín ìlú yìí sí méjì, ìbéèrè "ilé wo" náà kò sì ṣẹ̀yìn bí wọ́n ṣe dá Ìlọrin sílẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo sì ń ka ohun tí àwọn tó ṣáájú wa ti kọ.

Odò Asà ń ti gúúsù bọ̀, ó ń lọ sí àríwá, ó la àárín ìlú kọjá kí omi rẹ̀ tó bá ti àwọn odò mìíràn lọ sínú Odò Ọya. Ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ni Ìlọrin àtijọ́ wà: ààfin Ẹ́míà, Ọjà-Ọba, Ìdí-Àpé, Pàkátà, Àgbàjí, Òkèléle, àwọn agbo ilé tó fara kan ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè ti àgbàlá bọ́ sí àgbàlá láìfẹsẹ̀ kan títì. Ní ìlà oòrùn ni ibi tí àwọn òyìnbó kọ́lé sí, tí à ń pè ní GRA títí dòní, tí Fátẹ̀ àti Táńkẹ̀ sì wá tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ pupa, pẹ̀lú akọ òkúta tó ń yọrí síbí sọ́hùn-ún, tí Òkè Sóbí sì ga ju gbogbo wọn lọ. Òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan kò ju nǹkan bí 1,200 mìlímítà lọ. Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀ yóò rí i pé igbó ti ń já, koríko ló kù.

Ilẹ̀ ọ̀dàn yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ń sọ ìtàn Ìlọrin ṣe máa ń kà á sí lọ. Nínú igbó dídí, eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Níbi tí igbó bá ti ṣí, ẹṣin á yè. Ológun tó bá sì ní ẹṣin ní ayé ìgbà náà, ojú rẹ̀ ti kúrò ní ojú ọmọdé. Òun ni agbára Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, òun náà ni agbára Ìlọrin lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, apá ibi tí igbó ti ń ki ni àwọn Ìbàdàn ti dá wọn dúró, ní Òṣogbo, ní nǹkan bí 1840.

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ kò gùn: Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, kọ̀yìn sí Aláàfin Awólẹ̀, ó ké sí àfáà Fúlàní kan tó ń jẹ́ Álímì wá síbí ní nǹkan bí 1817, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jọ kó jọ pa Àfọ̀njá ní nǹkan bí 1824, Abdulsalami ọmọ Álímì sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ìjà wà níbi ìpìlẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dé? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn àgbà Ìlọrin méjì fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ sọ ìbéèrè yìí sí àárín wọn.

Ní Ìdí-Àpé, wọn yóò mú yín lọ sí agbo ilé Àsájú, wọn yóò sì fi òkúta kan hàn yín. Òun ni wọ́n ní àwọn ọdẹ fi ń lọ irin, ibẹ̀ ni orúkọ ìlú sì ti wá. Ẹni tí wọ́n ní ó ni òkúta náà ni Òjó Iṣẹ́kúṣẹ́, tó ti Gàm̀bé wá, lẹ́bàá Ọ̀yọ́-Ilé. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń bọ òkúta yẹn, kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó gba gbogbo ìlú. Ẹni tó bá ń retí àpáta ńlá yóò ṣe kàyéfì, nítorí òkúta inú ilé ni. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́: ọdẹ dé láti oko, ó bu omi sí i, ó fi ojú àdá tàbí ẹnu ọfà lé e, ó ń fà á síwá sẹ́yìn títí ojú irin yóò fi tàn. Ibi tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn èèyàn yóò máa dúró de ara wọn níbẹ̀, wọn yóò máa sọ̀rọ̀ ẹran àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Èmi kò rí ohun tó ṣòro láti gbà gbọ́ nínú pé ibi bẹ́ẹ̀ di abúlé.

Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní erin ni, pé ibi tí wọ́n ti ń pa erin ni ìlú yìí tẹ́lẹ̀, kí ẹ wo Oko-Erin tó wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn kan tún ní Òjó gan-an kì í ṣe ọmọ Yorùbá, pé ará Bàrùbá ni, torí pé ilẹ̀ Bàrùbá kò jìnnà sí apá Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹni tó bá sì ti ilé Àfọ̀njá wá yóò sọ fún yín pé gbogbo ìyẹn, ìtàn ọdẹ lásán ni, pé Ládérin, baba ńlá Àfọ̀njá, ló sọ ibùdó di ìlú, tí Pasin tẹ̀ lé e, tí Alágbin tẹ̀ lé e, kó tó kan Àfọ̀njá. Ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 nìyẹn. Àmọ́ ìwé mìíràn ṣáájú rẹ̀ jáde: ní 1912, Ahmad ọmọ Abu Bakr, tí a mọ̀ sí Ìkòkòrò, fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn Ẹ́míà Ìlọrin. Ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ yóò mọ̀ pé ibi tí òǹkọ̀wé jókòó sí ni ojú rẹ̀ máa ń kọ sí. Ọmọ Ọ̀yọ́, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ni Johnson, ó ń sunkún Ọ̀yọ́ tó wó. Àfáà inú Ìlọrin ni Ahmad, ó ń kọ nípa ìlú tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbé dìde.

Àwọn òyìnbó náà kọ tiwọn. Hermon-Hodge, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn, kọ ìwé nípa ilẹ̀, odò, ọba àti owó orí ẹkùn Ìlọrin ní 1929. Ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò, mo ń kà á, mo sì ń rí ohun kọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ gba owó orí kò lè fi ọkàn kan gba pé ìlú kan ní olùdásílẹ̀ mẹ́ta. Ó ní láti mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ìjà "ta ló ni ín" ti gbóná sí i, títí dé orí orúkọ: àwọn kan ń pe ìlú ní Ìlọrin Àfọ̀njá, àwọn kan ń pè é ní Ìlọrin Gèrí Álímì, ẹni tó bá sì pe èyí tí kò tọ́ lójú ẹni tó ń gbọ́, ó ti fa ọ̀rọ̀.

Tèmi ni pé gbogbo wọn ló ní ọ̀nà kan, torí pé gbogbo wọn dé lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó dé bá aṣálẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá dé. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí ní bí 1820. Àwọn Yorùbá ọmọ ẹ̀yìn Àfọ̀njá wà ní apá tiwọn. Àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí kó ara wọn jọ sí Òkè-Sùnà lábẹ́ Ṣólágbèrú. Àwọn Fúlàní wà pẹ̀lú Álímì. Àwọn Gàm̀bàrí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ní Ọ̀yọ́, wà ní ibùdó tiwọn. Ìlú mẹ́rin ni wọ́n jẹ́. Àdéhùn ló so wọ́n pọ̀, àdéhùn náà sì já. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun dojú kọ Àfọ̀njá, Ṣólágbèrú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò jáde. Johnson sọ pé ọfà àti ọ̀kọ̀ tó gún Àfọ̀njá lára pọ̀ débi pé òkú rẹ̀ kò wó lulẹ̀, àwọn ọ̀pá ọfà ló gbé e dúró. Ìgbà tó yá, Abdulsalami pa Ṣólágbèrú náà, Òkè-Sùnà sì tú. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pariwo lórí Àfọ̀njá àti Álímì, ó máa ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ àwọn Òkè-Sùnà. Yorùbá ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kò sì rí ibi kankan dúró sí nínú ìjà náà.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn yìí ni wọ́n to ìlú bó ṣe wà. Ibi ọgbọ́n nìyí. Ẹ́míà kò pa àwọn èèyàn náà pọ̀ di ọ̀kan. Ó fi balógun mẹ́rin jẹ lórí wọn: Balógun Gàm̀bàrí fún àwọn Haúsá àti àwọn ará àríwá tó tẹ̀ lé wọn, Balógun Fúlàní, àti balógun méjì fún àwọn Yorùbá, Ajíkòbí àti Àlànàmú. Balógun ló ń kó èèyàn rẹ̀ jáde lógun, òun ló ń pín ilẹ̀ oko, òun ló ń gbọ́ ẹjọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni mágàjí agbo ilé wà. Ní ìgbèríko, alángùá ni. Bí Tápà bá dé, bí Kànúrí bá dé, bí Bàrùbá bá dé, tàbí bí Ọ̀yọ́ tí ogun lé bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu odi: ta lo fẹ́ sá di? Ẹni tó sá di Àlànàmú di ará Àlànàmú. Ọmọ rẹ̀ ń sọ Yorùbá, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sọ pé Ìlọrin ni òun ti ṣẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí bàbá Ọjà-Ọba fi béèrè ilé lọ́wọ́ mi dípò orúkọ. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tí ìdílé tó ń jẹ́ Gàm̀bàrí lónìí fi ń sọ Yorùbá tó já gaara.

Àwọn balógun yìí lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1895, àwọn ni wọ́n dojú kọ Ẹ́míà Mọ́má nítorí ó fẹ́ bá Ìbàdàn àti òyìnbó ṣe àlàáfíà, ibẹ̀ ni Mọ́má sì kú sí. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 1897, Goldie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ òyìnbó Royal Niger Company, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi ìbọn ńlá wọ ìlú. Ẹṣin kò lè dá ìbọn ńlá dúró.

Nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀, Ìlọrin bọ́ sí apá Àríwá Nàìjíríà. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Pàrápọ̀ bá ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ṣe pọ̀, wọ́n ní kí wọ́n gbé Ìlọrin lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn, kò gbà ní 1958. Ní 1967 wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ó sì di Kwara.

Ohun tó gbé ìlú kọjá odò kì í ṣe ogun, ojú irin ni. Ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì kọjá lọ sí Jẹ́bà ní 1909. Ibùdókọ̀ rẹ̀ fa àwọn àlejò tí kò sá di balógun kankan: akọ̀wé, oníṣòwò, ará gúúsù àti ará òkè. Sábó wá di àdúgbò. Ìjọba kọ́lé sí ìlà oòrùn. Ní 1975 wọ́n dá Yunifásítì sílẹ̀, nígbà tó sì kó lọ sí ibùdó rẹ̀ tòótọ́ ní àwọn ọdún 1980, Táńkẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní ìwọ̀ oòrùn odò, wọ́n parí mọ́sálásí gbogboogbò tuntun ní 1981, Ààrẹ Shehu Shagari ló wá ṣí i. Ìgbà tí èèyàn bá gun afárá, tó wo ẹ̀yìn, yóò rí òrùlé rẹ̀ rìbìtì àti ilé ìṣọ́ mẹ́rin rẹ̀ láàárín páànù tó ti dípẹtà.

Ohun tí mo kórìíra nínú ayípadà yìí ni bí iṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ṣe ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà kan, orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin kàn jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Làǹtànà ni, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn ọba àti àwọn olówó ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Òkúta pupa ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ oníṣòwò, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi irin tín-ín-rín lu ihò láti ìhà méjèèjì títí wọn yóò fi pàdé ara wọn láàárín, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi dán. Òkúta tí a ń fi lọ irin, òkúta tí a ń fi lọ ìlẹ̀kẹ̀: iṣẹ́ ìlú kan náà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ̀rọ ṣe láti òkè òkun ló lé wọn nídìí iṣẹ́, ní àwọn ọdún 1930 ìwọ̀nba ló kù nínú àwọn tó ń ṣe é.

Ìkòkò ni ó ṣì ń bá wa rìn. Ní Dada, lápá Òkèléle, àwọn ìyá ṣì ń mọ ọ́n. Ìyá kan dojú ìkòkò àtijọ́ dé, ó na amọ̀ lé ìdí rẹ̀ bí ẹni ń gún iyán, ó gbá a pẹlẹbẹ, ó yí i ká, kò wo ibi kankan, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ríran. Nígbà tó bá ti yọ ọ́, tó gbẹ díẹ̀, yóò wá fi amọ̀ roboto mọ ọrùn rẹ̀. Wọ́n ń sun wọ́n nínú iná koríko àti igi ní gbangba, kò sí ààrò. Bí ìkòkò ṣe ń pọ́n yòò ni wọ́n ń fi omi èèpo irúgbá dà á lára, tó á sì dúdú, tí kò ní máa jò. Mo bi ìyá náà bóyá ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ní ọmọ òun ń ta káàdì fóònù ní Táńkẹ̀. Kò bínú sí i. Ó dá mi lójú pé èmi ló bínú.

Odò Asà náà kò sàn jù. Ẹ dúró sí Amílẹ́gbẹ́ lẹ́yìn òjò, ẹ wo ọ̀rá àti ìdọ̀tí tí ó ń gbé kọjá. Bí ó bá kún, ilé àwọn tó kọ́lé sórí ọ̀nà rẹ̀ ló ń wọ̀. Àwọn tó ń gbé ní bèbè rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn mọ ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí. Ọ̀rọ̀ mágàjí ló ń dá wọn dúró. Lónìí, ẹni tó ní owó ni ó ń pinnu.

Nípa àwọn àdúgbò tuntun, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni mo ní. Ẹni tó bá gbọ́ Gàá-Akanbi, Gàá-Imam, Gàá-Ódotà, yóò mọ̀ pé ibùdó àwọn darandaran Fúlàní ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó di ilé àjà méjì àti ilé epo. Bàbá kan ní Gàá-Akanbi sọ fún mi pé òun rántí ìgbà tí wọ́n ń gbé wàrà láti ibẹ̀ lọ sí ọjà ní òwúrọ̀. Ní ti Táńkẹ̀, àwọn àgbà ibẹ̀ ní abúlé àgbẹ̀ ni, pé kí yunifásítì tó dé ni àwọn ti wà níbẹ̀, pé wọ́n ní ilé, wọ́n ní mágàjí, wọ́n sì mọ balógun tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ka ilé wọn fún mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fẹ́ mú un lọ bá bàbá Ọjà-Ọba.

Àwọn ọmọ wa ni n kò mọ ohun tí wọn yóò wí. Níbi yìgì kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, àfáà béèrè ilé ọkọ kí wọ́n tó ka fàtíhà. Ọkọ dákẹ́. Ó ní Fátẹ̀. Àfáà ní kì í ṣe ibi tó ń gbé ni òun bi í. Ọmọkùnrin náà jáde síta, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó padà wọlé, ó ní Àlànàmú ni. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ọ̀kan ni wá!" wọ́n sì sún fún un kó lè jókòó láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń bi í nípa ìyá bàbá rẹ̀.